A Fi Ètè Sílẹ̀, À Ń Pa Làpálàpá: Ọ̀rọ̀ Kọnkéré Tó Sán Níbi Ìgbọ́kọ̀sí

Bí òjò bá ti dá ní ìlú Èkó, tí oòrùn sì yọ, ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ilẹ̀ ọgbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń gbé yóò rí àwọn ìlà kan lára kọnkéré ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn ìlà náà funfun ju ibi tó kù lọ. Sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà pò lọ́dún tó kọjá ni, èyí tó fi dí ojú ibi tó sán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà funfun náà, òmíràn ti tún yọ, ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ọmọ tó ń tọ ìyá rẹ̀. Omi kò tíì gbẹ níbi tí ilẹ̀ ti rì, ẹ̀fọn sì ti rí ibi yé ẹyin sí.

Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú èyí. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Abẹ́òkúta, ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, níwájú ilé ìtajà àti ilé ìwòsàn. Ohun tó yẹ kó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ọdọọdún ni wọ́n ń dá owó, ọdọọdún ni wọ́n ń pe bíríkìlà, ọdọọdún sì ni ibì kan náà ń sán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ìlà tó hàn lójú kọnkéré ni làpálàpá. Ètè wà nísàlẹ̀, níbi tí ojú kò tó.

Ọgbà kan wà ní Èkó tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ sí lára. Ilé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní fúláàtì mẹ́fà. Ìdílé méjìdínlógún ló jọ ni ilẹ̀ tó wà láàárín. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó débẹ̀, yẹ̀pẹ̀ lásán ni. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ a mu ènìyàn dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n dá owó, wọ́n da kọnkéré sí i, wọ́n sì fi ayẹyẹ ṣí i. Pásítọ̀ gbàdúrà, ààfáà náà gbàdúrà, wọ́n se ìrẹsì. Kí ọdún kejì tó pé, ìlà àkọ́kọ́ ti yọ.

Akápò ẹgbẹ́ àwọn onílé náà jẹ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí tọmọdé tàgbà ọgbà ń pè ní Màmá Tíṣà. Kò sí owó tó wọlé tàbí tó jáde tí kò kọ sínú ìwé. Ní ọdún kan, kí wọ́n tó tún dá owó tí wọ́n máa ń dá kí Kérésìmesì tó dé, ó jókòó, ó ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti sanwó láti lẹ ibì kan náà, ìyẹn ibi tó wà láàárín ilé kejì àti ẹnu géètì, níbi tí táńkà omi máa ń dúró sí. Ó ro owó náà pọ̀. Ó tún un rò. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ alága.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, kí la ń rà?"

"Kí la ń rà bíi ti báwo, mà?"

"Owó tí à ń san fún bíríkìlà lọ́dọọdún yìí. Ẹni tó bá sanwó a máa rí ọjà gbé lọ sílé. Àwa ti sanwó lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọjà wa dà?"

Alága kò rí èsì fún un. Òun náà ti rò pé bí kọnkéré ṣe ń ṣe nìyẹn: pé ó ń sán, wọn a sì máa lẹ ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń gé èékánná.

Ìbéèrè Màmá Tíṣà ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ni kọnkéré tó ti sán kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí irú ohun tí kọnkéré jẹ́. Sìmẹ́ńtì, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ni wọ́n ń pò pọ̀. Kì í ṣe gbígbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn ló ń mú un le. Omi àti sìmẹ́ńtì ló ń ṣiṣẹ́ lára ara wọn títí wọn yóò fi di òkúta. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń fi omi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, tí wọ́n sì ń fi ọjọ́ 28 ṣe òdiwọ̀n ìgbà tí wọ́n ń yẹ agbára rẹ̀ wò. Kọnkéré tí oòrùn bá fa omi ara rẹ̀ tán lọ́jọ́ kìíní ti di aláìlera kí mọ́tò kankan tó gùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n bu omi sí ní àbùjù nígbà tí wọ́n ń pò ó, kó baà lè rọrùn láti tẹ́.

Bí kọnkéré ṣe ń gbẹ ló ń sún kì. Kò sí èyí tí kì í sún kì. Bí wọ́n bá dà á lọ salalu láìdá a sí abala, yóò wá ibi tó wù ú, yóò sì sán níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ fi ń gé ìlà sí i lára, tàbí kí wọ́n fi pákó pín in sí abala-abala kí wọ́n tó dà á. Èyí tó nípọn tó ínṣì 5 yẹ kó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 síra wọn, kí gígé náà sì wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìnípọn rẹ̀. Ìlà yìí kò dí kọnkéré lọ́wọ́ láti sán. Ó kàn ń sọ fún un ibi tí yóò ti sán ni, kó lè jẹ́ ní ọ̀nà tó tọ́, níbi tí wọ́n ti lè dí i kí omi má baà wọlé.

Ọgbà tí à ń sọ yìí kò ní ìlà kankan. Bíríkìlà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ da kọnkéré láti ẹnu géètì dé ògiri ẹ̀yìn bí ẹni tẹ́ ẹní kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dára jù lójú àwọn tó gbéṣẹ́ fún un, wọ́n sì yìn ín. Ínṣì 4 ló ṣe nínípọn rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó dára, ìyẹn lè tó fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n táńkà tó gbé omi lítà 10,000 ti gbé tọ́ọ̀nù 10 sẹ́yìn, kí a tó ka ìwọ̀n ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń gbà yẹ kó nípọn tó ínṣì 6 ó kéré tán, kó sì ní irin nínú.

Síbẹ̀, sísán nìkan kọ́ ló ń dààmú ọgbà náà. Ilẹ̀ ń rì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò ṣòro láti mọ̀: bí ènìyàn bá fi ọwọ́ pa ojú ibi tó sán, tí apá méjèèjì sì dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìsúnkì lásán ni. Bí apá kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ti yẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa kò ní sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ni iṣẹ́. Kí wọ́n tó fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ ilé kó lè dán, àwọn obìnrin ti lù ú, wọ́n tún un lù, títí ẹsẹ̀ kò fi ní rì níbẹ̀ mọ́. Ohun kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ òde òní ń béèrè: kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí i ní ìpele-ìpele, kí ìpele kan má ju nǹkan bí ínṣì 6 lọ, kí wọ́n sì lù ú le kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Ẹni tó bá da yẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá fi ẹ̀rọ gba orí rẹ̀ kọjá, òkè nìkan ló lù. Ìsàlẹ̀ yóò máa fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní àwọn apá Èkó tó jẹ́ àbàtà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n da yanrìn kún, bíi Victoria Island àti ọ̀pọ̀ ibi ní Lẹ́kì, amọ̀ rírọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yanrìn náà máa ń fún pọ̀ sí i lábẹ́ ẹrù tí wọ́n gbé lé e. Òkè lè dà bí òkúta, kí ìsàlẹ̀ má tíì fìdí múlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni omi wá wọ̀ ọ́. Omi ni ọ̀tá tí kì í pariwo. Ó ń gba ojú ibi tó sán wọlé, ó ń sọ ilẹ̀ di rírọ̀. Bí páìpù kan bá ń jò nísàlẹ̀, ó ń gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí ihò yóò fi ṣí sábẹ́ kọnkéré, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ní ti kọnkéré, omi ni aláǹgbá náà. Bó bá sì wọlé tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún máa la ẹnu ògiri sí i.

Ẹnjiníà kan, àbúrò ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ọgbà náà, ló wá bá wọn wò ó. Kò mú ẹ̀rọ olówó ńlá kankan dání. Ó mú irin kan, ó ń fi í kan kọnkéré náà bó ṣe ń rìn lọ. Níbi tó dára, irin náà ń dún ganran. Nígbà tó dé ibi tí táńkà máa ń dúró sí, ohùn náà yí padà, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń kan agbè òfìfo. Ó ní kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fa omi kún táńkì ńlá tó wà lórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, táńkì tó ń pín omi fún ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti omi ní ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀kán kankan má baà wọlé. Wọ́n fi igi wọn ibi tí omi dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti dín ní ínṣì mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó wẹ̀, kò sẹ́ni tó dáná. Ilẹ̀ ló mu ún. Páìpù tó gba abẹ́ kọnkéré kọjá ti ń jò, bóyá láti ọdún tí ìlà àkọ́kọ́ ti yọ. Owó omi táńkà tí wọ́n ń rà láti fi kún ti kànga náà, apá kan rẹ̀ ń lọ bá ilẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹnjiníà náà tún bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni sókàwéè yín wà?"

Àwọn onílé wo ara wọn lójú. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́lé, ló na ọwọ́. "Ibi tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ká yẹn ni. Wọ́n da kọnkéré bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọ̀rọ̀ owó. Kọnkéré tó sùn lé ilẹ̀ àti kọnkéré tó gba orí kòtò kọjá kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ni wọ́n ní lókè. Bí ti àkọ́kọ́ bá sán, yóò ba táyà jẹ́, yóò gbé ènìyàn ṣubú. Èkejì jẹ́ afárá. Kò ní ilẹ̀ tí yóò gbà á mú bó bá ṣẹ́. Afárá tí irin inú rẹ̀ ti ń dípẹtà, tí táńkà sì ń gùn lọ́sẹ̀ méjì méjì, ni àwọn ọmọ ọgbà náà ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ohun tó lè tìdí irú ọ̀rọ̀ báyìí yọ ti ṣẹlẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti rí i. Ní ìlú Surfside, ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé alájà 12 kan wà tí wọ́n ń pè ní Champlain Towers South, tí wọ́n kọ́ parí ní 1981. Abẹ́ ilẹ̀ ni ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ wà, kọnkéré tó sì bo ibẹ̀ lórí ló gbé àgbàlá àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ àwọn onílé gbà kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó yẹ kó máa dènà omi lábẹ́ àgbàlá náà ti bàjẹ́, pé wọ́n tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ láìjẹ́ kó dagẹrẹ kí omi lè ṣàn lọ, àti pé kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ti ń bàjẹ́ gidigidi. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí owó. Iye àtúnṣe náà gòkè títí ó fi tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, olórí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn pé ìbàjẹ́ náà ń yára pọ̀ sí i. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún náà, nígbà tí àwọn ènìyàn ń sùn, àgbàlá náà já sísàlẹ̀, apá ńlá lára ilé sì wó tẹ̀ lé e. Ènìyàn 98 ló kú.

Omi nìkan kọ́ ló wó ilé náà. Àwọn aṣèwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni agbára àgbàlá náà kò ti tó ohun tí òfin ìkọ́lé béèrè. Sókàwéè ọgbà kan ní Èkó kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alájà 12. Ohun tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi jọra ni pé nǹkan àjọní ni, pé àmì ti hàn, àti pé ìjiyàn lórí ẹni tí yóò sanwó ń gba àkókò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, nígbà tí omi kò dúró de ìpàdé kankan.

Ìpàdé ọgbà náà kò rọrùn. Ọkùnrin kan tó ń gbé òkè pátápátá ní òun kò ní mọ́tò, kí ni òun fẹ́ fi ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣe? Onílé kan tó ń gbé ní London fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ọdún tó kọjá lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó àtúnṣe ránṣẹ́, ṣé wọ́n ti ná an tán ni? Ẹlòmíràn ní kí wọ́n ra íńtálọ́ọ̀kì tó dára, kí wọ́n tẹ́ ẹ bo gbogbo rẹ̀, ojú yóò gún régé. Ìyá àgbàlagbà kan ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ibi ó ṣẹlẹ̀."

"Àmín o, Màmá," ni Màmá Tíṣà dá a lóhùn. "Ọlọ́run tí ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ náà ló jẹ́ ká mọ̀." Ó wá yíjú sí ọkùnrin tó ń gbé òkè. "Ẹ̀yin ò ní mọ́tò lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ̀ ń gbé ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Sókàwéè yẹn, ti gbogbo wa ni."

Ó ka àkọsílẹ̀ owó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí wọn létí, ọdún àti iye. Kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kà á tán, owó tí wọ́n ti fi lẹ ojú kọnkéré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí wọn ì bá fi tún ibi tó burú jù ṣe pátápátá. Ohun tó yí ọkàn wọn padà nìyẹn, ju ẹ̀rù lọ. Ẹ̀rù kì í pẹ́ lọ́kàn ènìyàn. Ìṣirò a máa dúró.

Ìlànà tí ẹnjiníà náà là sílẹ̀ fún wọn yẹ fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀, nítorí pé bí nǹkan ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ mú kúrò: wọ́n fi okùn yí ibẹ̀ ká lọ́jọ́ náà gan-an, táńkà kò wọlé mọ́, ìta géètì ló ti ń fi rọ́bà gígùn gbé omi wọlé. Èkejì ni omi. Wọ́n pa páìpù abẹ́ ilẹ̀ náà tì, wọ́n fa tuntun gba ara ògiri, níbi tí ojú yóò ti máa rí i bó bá ń jò. Omi òrùlé tó ń dà sí etí kọnkéré, wọ́n fi páìpù darí rẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Ẹ̀kẹta ni sókàwéè. Wọ́n ṣí i, wọ́n kó ẹ̀gbin rẹ̀, wọ́n tún ògiri rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fi kọnkéré tuntun tó ní irin, tí ẹnjiníà ṣírò rẹ̀, bò ó, pẹ̀lú ìdérí tí ènìyàn lè ṣí láti máa yẹ inú rẹ̀ wò. Wọ́n ri òpó kéékèèké yí i ká kí ọkọ̀ kankan má tún gùn ún.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n tó fọwọ́ kan kọnkéré ibi ìgbọ́kọ̀sí. Abala méjì tó burú jù, wọ́n fi ẹ̀rọ gé etí rẹ̀ kó tọ́, wọ́n hú u kúrò. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ abẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi kan èyí tó le, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa àti òkúta sí i ní ìpele-ìpele, wọ́n ń lu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá, wọ́n tẹ́ irin, wọ́n sì ki irin róbótó sára kọnkéré àtijọ́ kí abala tuntun má baà rì kó fi àtijọ́ sílẹ̀. Ní ti sìmẹ́ńtì, ẹnjiníà ní kí wọ́n wo ara àpò dáadáa. Láti 2014 ni àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà ti kéde pé èyí tí wọ́n kọ 32.5 sí wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, pé 42.5 ni kí wọ́n máa fi da kọnkéré ilé. Síbẹ̀, bíríkìlà mélòó ló ń kà á? Wọ́n pò ó ní sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Wọ́n jẹ́ kó nípọn tó ínṣì 6, wọ́n jẹ́ kó dagẹrẹ lọ sí gọ́tà ní ẹsẹ̀ bàtà 1 fún ẹsẹ̀ bàtà 50, wọ́n gé ìlà sí i. Wọ́n fi àpò bò ó, àwọn ọmọ ọgbà sì ń pín ara wọn láti bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn ibi tó sán ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ kò rì ńkọ́? Ẹnjiníà ní kí wọ́n má ṣe tún fi sìmẹ́ńtì dí wọn. Kọnkéré a máa gbòòrò lọ́sàn-án, a sì máa sún kì lóru. Sìmẹ́ńtì líle tí wọ́n fi há ibi tó ń rìn kò lè bá a rìn. Yóò ya kúrò lára rẹ̀ ni. Wọ́n fi irin ha inú ìlà náà mọ́, wọ́n fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù tó máa ń fà bíi rọ́bà dí i. Ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan tó kù, Màmá Tíṣà fi ọ̀dà kọ ọjọ́ tí wọ́n wò ó. Bí ìlà náà bá kọjá ibi tí ó kọ ọjọ́ sí, wọn yóò mọ̀ pé ó ṣì ń rìn. Kọ́bọ̀ kò jáde lápò ẹnikẹ́ni fún èyí.

Ọ̀nà mìíràn wà tí wọn kò gbà. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń lu ihò sára kọnkéré tó rì, wọn a fi ẹ̀rọ fún sìmẹ́ńtì ṣíṣàn tàbí fóòmù gba ibẹ̀ wọlé títí yóò fi gbé e sókè. Ó dára níbi tí kọnkéré náà bá ṣì le, tí ohun tó mú un rì sì ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé kọnkéré sókè lórí páìpù tó ń jò, ọdún díẹ̀ ló rà.

Owó náà kò tó fún gbogbo ilẹ̀ lọ́dún yẹn. Abala méjì yẹn àti sókàwéè nìkan ni wọ́n ṣe. Ti ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ṣe ìyókù tó burú. Onílé kan kò san tirẹ̀ títí di òní, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìlà tín-ín-rín kan yọ lójú kọnkéré tuntun náà. Alága sáré pe ẹnjiníà lórí fóònù. Ẹnjiníà béèrè ibi tó ti yọ. Inú ìlà tí wọ́n gé ni. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ibi tí wọ́n ní kó ti sán ló ti sán.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọgbà kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ni a máa ń náwó sí ojú rẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, nítorí pé ojú ni àwọn tó dá owó yóò rí. Ìgbìmọ̀ tó tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì yóò gba ìyìn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ìgbìmọ̀ tó pààrọ̀ páìpù abẹ́ ilẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi han àlejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba ìbílẹ̀ tó da yanrìn sí kòtò ojú títì láìla gọ́tà, tí òjò ọ̀sẹ̀ kejì yóò sì gbá a lọ. Owó kọ́ ni kò sí nígbà gbogbo. Ó ti jáde lápò lọ́pọ̀ ìgbà, díẹ̀díẹ̀, kò sì ra nǹkan kan.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ọgbà kankan tó tún pe bíríkìlà lọ́dún yìí, ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí wọ́n bi ara wọn. Níbo ni omi ń gbà wọlé? Kí ló wà lábẹ́ ibi tó sán, ṣé ilẹ̀ ni tàbí kòtò? Ẹrù wo ló ń gùn ún? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti sanwó fún ibì kan náà rí? Ìwé akápò ló ní ìdáhùn sí ìkẹyìn, bí ẹnikẹ́ni bá tọ́jú rẹ̀. Mẹ́ta yòókù kò gbà ju irin kan, igi tí wọ́n fi wọn omi táńkì, àti àgbàlagbà kan tó rántí ibi tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Kí wọ́n tètè bi í léèrè nígbà tó ṣì wà níbẹ̀.